Damásíkù Kejì: Ìlú Tí Ẹsẹ̀ Gbà Là

Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó ní Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi rí ló mọ ọ̀nà Damásíkù. Ọ̀nà yẹn ni Sọ́ọ̀lù wà tí ìmọ́lẹ̀ fi tàn yí i ká, tó ṣubú lulẹ̀, tí wọ́n sì fi ọwọ́ fà á wọ ìlú bí afọ́jú. Kì í ṣe Damásíkù yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Damásíkù kejì wà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ìpínlẹ̀ Virginia ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ló wà, lẹ́bàá ààlà Tennessee. Damascus ni wọ́n ń kọ ọ́ níbẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò pé ẹgbẹ̀rún kan. Tí ẹ bá kó gbogbo wọn sínú gbọ̀ngàn ìdánwò wa, tọmọdé tàgbà, àga á ṣì ṣẹ́ kù. Síbẹ̀, nínú oṣù Karùn-ún ọdọọdún, èrò tó lé ní 20,000 ló ń ya wọ ìlú kékeré yìí. Ọdún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń bá a ṣe. Trail Days ni wọ́n ń pè é. Tí a bá fẹ́ sọ ọ́ lédè wa, a lè pè é ní Ọdún Ojú Ọ̀nà.

Mo wà níbi ọdún náà ní 2023, nígbà tí mo lọ lo sáà díẹ̀ ní Virginia lábẹ́ ètò pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Àmọ́ kí n tó sọ ohun tí mo rí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ìlú náà léèrè ìtàn rẹ̀. Ọdún tí èèyàn ò bá mọ ìdí rẹ̀, ariwo lásán ni létí onítọ̀hún.

Ìlú yìí kì í jẹ́ Damascus tẹ́lẹ̀. Mock's Mill ni wọ́n ń pè é, nítorí ọlọ kan tó wà létí odò ibẹ̀. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà (1861 sí 1865), ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ John D. Imboden dé síbẹ̀. Ìhà Gúúsù ni Imboden ti jagun, ìyẹn ìhà tí kò fẹ́ kí ẹrú gba òmìnira. Wọ́n ṣẹ́gun wọn, òun náà sì wá ọ̀nà mìíràn tí yóò fi jẹun. Ó gbà pé irin pọ̀ nínú àwọn òkè tó yí ibẹ̀ ká. Ó ra ilẹ̀, ó sì yí orúkọ ibẹ̀ padà sí Damascus, torí pé Damásíkù ti ilẹ̀ Síríà lókìkí láyé àtijọ́ fún irin tí wọ́n fi ń rọ idà. Ẹ ò rí nǹkan? Kí irin tó jáde ni orúkọ ti délẹ̀.

Àwa Yorùbá náà gbà pé orúkọ ń ro èèyàn. Àmọ́ orúkọ yìí ò ro ìlú náà bí Imboden ṣe fẹ́. Irin tí wọ́n rí níbẹ̀ kò tó ohun tí à ń fi í ṣòwò. Ọ̀gágun náà kú síbẹ̀ ní 1895, àlá rẹ̀ ò ṣẹ.

Lẹ́yìn irin, igi gẹdú ló kàn. Ní 1900, ojú irin rélùwéè wọ Damascus láti ìlú Abingdon. Nígbà tó yá, wọ́n nà án gun orí òkè lọ síbi tí igi pọ̀ sí. Sọ́mìlì ń ké, owó ń wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ́lé. Ṣùgbọ́n igi kì í yára hù bí ayùn ṣe ń yára gé e. Kò pẹ́ kò jìnnà, òkè ti pá, àwọn ilé iṣẹ́ gẹdú sì kó ẹrù wọn. Ọkọ̀ ojú irin nìkan ló ṣẹ́ kù. Ó ń wọ́ gun òkè wúyẹ́wúyẹ́ débi pé wọ́n fi orúkọ ewéko kan tó máa ń fà mọ́ ara igi pè é: Virginia Creeper. Ní 1977, rélùwéè yẹn náà rin ìrìn ìkẹyìn, wọ́n sì hú irin rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Ẹ wò ó bí mo ṣe ń wò ó: ìlú kan wá irin, kò rí i. Ó rí igi, igi tán. Ó rí rélùwéè, rélùwéè lọ. Irú ìlú báyìí ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi sílẹ̀ fún àwọn àgbà, tí àwọn àgbà náà á sì fi sílẹ̀ fún eku ilé. Kí ló dé tí Damascus ò fi dahoro?

Ìdáhùn rẹ̀ wà lójú pópó ìlú náà gan-an. Lára òpó iná lójú pópó náà ni mo ti rí àmì ọ̀dà funfun kan, íńṣì 2 ní fífẹ̀, íńṣì 6 ní gígùn. Irú àmì yẹn wà lára igi àti òkúta láti ìpínlẹ̀ Georgia ní Gúúsù títí dé ìpínlẹ̀ Maine ní Àríwá. Àmì ọ̀nà ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Appalachian Trail ni. Ìpínlẹ̀ 14 ló là kọjá, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bí 2,190 máìlì, ìyẹn bíi 3,500 kìlómítà. Ẹni tó bá rìn láti Èkó dé Kánò, tó padà sí Èkó, tó tún gbọ̀nà Kánò lẹ́ẹ̀kan sí i, kò tíì rìn tó o. Orí òkè ni ọ̀nà náà sì ń gbà jálẹ̀. Àwọn tó ń rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin máa ń lò tó oṣù márùn-ún sí mẹ́fà. Wọ́n á gbé àgọ́, oúnjẹ àti aṣọ sẹ́yìn bí ìgbín ṣe ń gbé ilé rẹ̀ kiri. Àwọn tó bá gbéra ní Georgia nínú oṣù Kẹta tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin máa ń dé Damascus nínú oṣù Karùn-ún, lẹ́yìn bíi 470 máìlì. Ìdí nìyẹn tí ọdún náà fi bọ́ sí oṣù Karùn-ún.

Ta ló ronú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀? Benton MacKaye ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ igbó ló kọ́ nílé ìwé gíga. Ìyàwó rẹ̀, Jessie Hardy Stubbs, wà lára àwọn obìnrin tó jà kí obìnrin lè dìbò ní Amẹ́ríkà. Ìyàwó yìí kú ní 1921. Inú ọ̀fọ̀ yẹn ni MacKaye wà tó fi kọ àpilẹ̀kọ kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn ayàwòrán-ilé lọ́dún yẹn kan náà. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ wa, ẹ fetí sí èyí dáadáa: àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo ló bí ọ̀nà tó gùn tó 2,190 máìlì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí ni pé ọ̀nà nìkan kọ́ ni MacKaye fẹ́. Ó rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ inú ìlú ńlá ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ, wọn ò ráyè mí. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé kí ibùdó àti oko wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà, níbi tí àwọn èèyàn á ti máa sinmi, tí wọ́n á jọ máa ṣiṣẹ́, tí wọ́n á jọ máa jẹun. Ọ̀nà yẹn kàn jẹ́ okùn tí yóò so wọ́n pọ̀ ni. Àwọn tó gba iṣẹ́ náà ṣe gba okùn, wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n la ọ̀nà, wọn ò kọ́ ibùdó alájọgbé yẹn.

Ẹni tó ta yọ jù lọ nínú àwọn tó la ọ̀nà náà ni Myron Avery, lọ́yà kan tí wọ́n bí ní Maine. Avery kì í ṣe aláàlá. Kẹ̀kẹ́ ìwọn ló ń tì kiri orí òkè, ó ń ka máìlì, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Òun àti MacKaye ò pẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìjà. Nígbà tí ìjọba fẹ́ la títì mọ́tò gba orí àwọn òkè kan ní Virginia, MacKaye fárígá, Avery ní kí wọ́n máa là á, wọ́n kàn ní láti sún ọ̀nà ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Látìgbà náà, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Bó ti wù kó rí, ọ̀nà kan ò wọjà: ẹni tó lá àlá wúlò, ẹni tó ti kẹ̀kẹ́ náà wúlò. Ní oṣù Kẹjọ 1937, wọ́n la èyí tó kù ní Maine, ọ̀nà náà sì já.

Ó já lóòótọ́, àmọ́ ta ló lè rìn ín tán? Ọ̀pọ̀ gbà pé kò ṣeé ṣe kí ẹnì kan rìn ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní 1948, Earl Shaffer, ọmọ Pennsylvania, fi ẹsẹ̀ dá wọn lóhùn. Ogun Àgbáyé Kejì ló ti bọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ pinnu láti rin ọ̀nà náà kú sójú ogun, òun nìkan ló padà wálé. Ó rìn láti Georgia dé Maine láàárín oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ díẹ̀. Ó rìn ín lẹ́ẹ̀kejì ní 1965. Ní 1998, nígbà tó ń súnmọ́ ọgọ́rin ọdún, ó tún rìn ín lẹ́ẹ̀kẹta.

Lẹ́yìn Shaffer, Màmá Gatewood ló dé. Emma Gatewood ni orúkọ wọn. Ìyá ọlọ́mọ mọ́kànlá láti Ohio ni wọ́n, ọkọ wọn sì ti fi ìyà jẹ wọ́n gan-an kí wọ́n tó kọ ara wọn sílẹ̀. Ní 1955, nígbà tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 67, wọ́n sọ fáwọn ọmọ wọn pé àwọn ń lọ nasẹ̀. Wọn ò sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Bàtà kánfáásì ni wọ́n wọ̀. Àpò tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rán ni wọ́n gbé kọ́ èjìká. Kọ́tìnnì ilé ìwẹ̀ ni wọ́n fi ń bo ara lọ́wọ́ òjò. Wọ́n rìn ín tán! Wọ́n ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dá rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láàárín ọdún kan. Kí wọ́n tó kú ní 1973, wọ́n ti rìn ín lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo ka ìtàn wọn, ìyá mi àgbà ló wá sí mi lọ́kàn, tí wọ́n máa ń fẹsẹ̀ lọ oko, tí wọ́n tún máa ń fẹsẹ̀ ná ọjà, tí ẹnikẹ́ni ò sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Bí àwọn arìnrìn-àjò ṣe ń pọ̀ sí i ni Damascus bẹ̀rẹ̀ sí í rí wọn láàárín ìlú. Ẹ rántí pé pópó ìlú ni ọ̀nà náà gbà. Kò síbi tí wọ́n á ti yà fún wọn. Wọ́n á dé pẹ̀lú irùngbọ̀n gígùn, òórùn ara wọn á ti ṣáájú wọn dé, ebi á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu wọ́n pa. Ìlú mìíràn lè ti ilẹ̀kùn. Damascus ò ti ilẹ̀kùn. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ìlú náà ya ilé kan sọ́tọ̀ kí wọ́n lè máa sùn, kí wọ́n sì máa wẹ̀. Ẹ fi èyí wé ọdún tí rélùwéè lọ. Bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn kan ni wọ́n ń ṣí òmíràn.

Nígbà tó di 1987, ọ̀nà náà pé àádọ́ta ọdún tó ti já. Damascus ní òun á ṣe ọjọ́ ìbí fún un. Wọ́n pe àwọn tó ti rìn ín rí pé kí wọ́n wá. Wọ́n wá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n tún wá. Bí Trail Days ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní àwọn ọdún 1980 yẹn náà ni wọ́n sọ ojú irin àtijọ́ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àti ọ̀nà ẹsẹ̀, bíi 34 máìlì, tí orúkọ rẹ̀ ṣì ń jẹ́ Virginia Creeper. Àwọn èèyàn ń wá gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sùn, wọ́n ń náwó. Ohun tí Imboden wá sí abẹ́ ilẹ̀, òkè ilẹ̀ ló wà.

Ó yá, ẹ jẹ́ n wá sọ ohun tí ojú mi rí ní 2023. Ìlú àgọ́ ni mo kọ́kọ́ dé. Pápá kan ni lẹ́yìn ìlú, àgọ́ kún ibẹ̀ bí olú tó hù lẹ́yìn òjò: pupa, ewé, ọsàn. Níbi tí wọ́n pàtẹ sí, àwọn tó ń rán báàgì àti àgọ́ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n ń bá àwọn arìnrìn-àjò tún èyí tó ya ṣe láìgba kọ́bọ̀. Àwọn ìjọ ń pín oúnjẹ. Àwọn kan tẹ́ àga sílẹ̀, wọ́n gbé bàsíà omi gbígbóná síwájú rẹ̀, wọ́n ń fọ ẹsẹ̀ fún ẹni tó bá ti jókòó. Ẹsẹ̀ tí mò ń wí yìí kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti lẹ́kíṣọ̀ dé o. Bàtà ti bó o, èékánná ti dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀ ti yi bí awọ ìlù. Bàbá arúgbó kan kúnlẹ̀, wọ́n ń fi kànìnkànìn rọra fọ ọ́. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹ fi ń ṣe èyí. Wọ́n wò mí bí ẹni pé ìbéèrè náà ṣàjèjì, wọ́n ní, "Wọ́n fẹsẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa ni, àbí?"

Wọn kì í jẹ́ orúkọ ilé wọn lójú ọ̀nà. Oníkálùkù ní orúkọ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́, bí ìgbà tí ọkọ àti ìyàwó ilé bá ń sọ ara wọn lórúkọ. Ẹni tó bá ń jẹun jù, wọ́n á fi oúnjẹ pè é. Ẹni tó bá ń ṣubú, wọ́n á fi ìṣubú pè é. Ọmọbìnrin kan bi mí pé kí ni orúkọ ọ̀nà tèmi. Mo ní, "Abíọ́nà." Ó ní kí ló túmọ̀ sí. Mo ní ọmọ tí wọ́n bí sójú ọ̀nà ni, pé ní ilẹ̀ wa, ojúlówó orúkọ ni, kì í ṣe ti eré. Ó ya ọmọ náà lẹ́nu. Ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá gbọ́, pé àwọn kan wà ní Áfíríkà tó ti ń jẹ́ orúkọ ọ̀nà kí Amẹ́ríkà tó ní ọ̀nà. Inú mi dùn o, kí n má parọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n ṣe ìwọ́de. Ọdún tí èèyàn rin ọ̀nà náà ni wọ́n fi ń tò, gẹ́gẹ́ bí àwọn Ìjẹ̀bú ṣe ń tò ní régberégbe nígbà Ojúde Ọba. Àwọn àgbà ìgbà pípẹ́ wà pẹ̀lú ọ̀pá wọn, wọ́n sì ya ọdún tí wọ́n rìn sára aṣọ tí wọ́n gbé dání. Àwọn tó ń rìn lọ́wọ́ lọ́dún náà ló pọ̀ jù, wọ́n sì ń pariwo jù. Ará ìlú dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n rìn lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àṣà ibẹ̀ ni kí ará ìlú fi ìbọn omi àti bàlúùnù omi dúró dè wọ́n, kí wọ́n jọ bu omi lu ara wọn.

Ìwọ́de yìí kan náà ni jàǹbá ti ṣẹlẹ̀ ní 2013. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ń wakọ̀ nínú ìwọ́de náà ṣàdédé ṣàìsàn nídìí ọkọ̀, ọkọ̀ sì já wọ àárín èrò. Bí àádọ́ta èèyàn ló fara pa. Kò sẹ́ni tó kú. Àwọn tó wà nítòsí sáré bo ọkọ̀ náà, wọ́n fọwọ́ gbé e kúrò lára àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Arìnrìn-àjò ni ẹni tó wakọ̀ náà fúnra rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún jáde, wọ́n tún rìn.

Àmọ́ bí mo ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì yẹn, ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ka àwọn èèyàn dúdú tó kọjá lójú mi. Ìka ọwọ́ mi méjèèjì tó mi í kà. Ẹnikẹ́ni ò fi ojú burúkú wò mí o. Wọ́n fún mi lóúnjẹ, wọ́n bá mi ṣeré. Ṣùgbọ́n ìtàn ni mo ń kọ yìí, ìtàn a sì máa béèrè ẹni tí kò sí níjòókòó.

Kí ọ̀nà yìí tó wà, àwọn Cherokee ló ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkè apá Gúúsù ibẹ̀. Ní 1838, ìjọba Amẹ́ríkà fi sójà lé wọn lọ sí ìhà Ìwọ̀-oòrùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú sójú ọ̀nà. Òkè tó ga jù lórí Appalachian Trail, Kuwohi ni àwọn Cherokee ń pè é. Wọ́n fi orúkọ òyìnbó kan bò ó fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Oṣù Kẹsàn-án 2024 ni ìjọba tó dá orúkọ Kuwohi padà.

Ní Virginia gan-an, ọ̀nà náà gba inú ọgbà ìjọba tí wọ́n ń pè ní Shenandoah, bíi 100 máìlì. Kí wọ́n tó dá ọgbà yẹn sílẹ̀ ní 1935, àwọn àgbẹ̀ ló ń gbé orí òkè náà. Ó ju 500 ìdílé tó ní láti kó kúrò. Nígbà tí ọgbà sì wà tán, wọ́n ya ibì kan ṣoṣo sọ́tọ̀ fún àwọn èèyàn dúdú, Lewis Mountain ni, wọ́n ṣí i ní 1939. Wọ́n gbé pátákó síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣìnà. Nígbà tó fi máa di 1950 ni wọ́n tó fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ náà pátápátá. Ẹ ronú sí i: ní 1948 tí Shaffer ń kọjá níbẹ̀, aláwọ̀ dúdú tó bá fẹ́ sinmi nínú ọgbà kan náà kò lómìnira tí Shaffer ní. Ẹsẹ̀ kan náà ni, ọ̀nà kan náà ni, ìlẹ̀kùn ló yàtọ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ràn ohun tí Rahawa Haile ṣe. Òǹkọ̀wé ni, ọmọ Amẹ́ríkà tí ìdílé rẹ̀ wá láti Eritrea. Ní 2016, òun nìkan rin ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú báàgì tí gbogbo èèyàn ti ń sá fún ẹrù, tí àwọn kan tiẹ̀ máa ń gé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kó lè fúyẹ́, ìwé ni ó ń gbé, ìwé tí àwọn aláwọ̀ dúdú kọ. Bó bá ka ọ̀kan tán, á fi í sílẹ̀ nínú ahéré tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń sùn sí, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè bá a níbẹ̀. Ó kọ ìtàn ìrìn náà sínú ìwé ìròyìn Outside ní 2017. Mo pè é ní àmì ọ̀dà tirẹ̀. Àwọn tó ṣáájú kun igi ní funfun kí ẹnikẹ́ni má bàa sọnù. Òun fi ìwé sílẹ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé irú wọn ti gba ibẹ̀ kọjá.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí nìyẹn. Ẹsẹ̀ ló ń la ọ̀nà, ṣùgbọ́n èèyàn ló ń ṣí i. Ọ̀nà lè já láti 1937, kó má tíì ṣí fún obìnrin arúgbó títí di 1955. Ó lè ṣí fún arúgbó, kí pátákó ṣì ti kọ́kọ́ dènà fún aláwọ̀ dúdú. Àwọn tó kun àmì funfun yẹn, títí di òní, olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ló pọ̀ jù nínú wọn, nínú ẹgbẹ́ bí ọgbọ̀n tó pín ọ̀nà náà láàárín ara wọn. Bí wọ́n bá sinmi fún ọdún díẹ̀, igbó á gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Bí Damascus náà bá ti ilẹ̀kùn fún ọdún díẹ̀, ọdún yẹn á di ìtàn. Ìlẹ̀kẹ̀ tí MacKaye fẹ́ so mọ́ okùn rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò kọ́, Damascus jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yàwòrán rẹ̀ fún wọn.

Wọ́n sì ti dán ìlú náà wò lẹ́yìn tí mo kúrò níbẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án 2024, òjò ìjì Helene rọ̀ sórí àwọn òkè yẹn. Odò Laurel Creek tó gba inú ìlú kún bo ilẹ̀, ó wọ ilé, ó wó afárá. Ọ̀nà Virginia Creeper láti Damascus lọ sókè bàjẹ́ gan-an, omi gbé ọ̀pọ̀ nínú afárá rẹ̀ lọ. Bí mo ṣe gbọ́ ìròyìn náà, mo ní ó parí, ohun kẹrin náà tún ti lọ: irin, igi, rélùwéè, wàyí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni dé, àwọn arìnrìn-àjò wà lára wọn. Wọ́n kó ẹrẹ̀, wọ́n kó igi tó wó, wọ́n bá onílé fọ ilé. Nígbà tí oṣù Karùn-ún 2025 pé, wọ́n ṣe Trail Days.

Irin ò lè wá bá Imboden kó ẹrẹ̀. Gẹdú tí wọ́n gé tà ò lè padà wá. Àlejò tí èèyàn fún ní omi mu nìkan ló máa ń rántí ọ̀nà ilé yẹn. Tí ẹ bá gbọ́ pé àwọn ìlú wa ń pe ìpàdé nítorí ohun ọrọ̀ tó wà lábẹ́ ilẹ̀, ẹ má bá wọn jà. Ẹ kàn bi wọ́n pé, ta ló ń gba ojú ọ̀nà yín kọjá, kí lẹ sì fún un jẹ?